Ìbọn Tí Mi Ò Fẹ́ Kó Mọ́

…nítorí pé tí igi ìdí ìbọn yìí bá gbẹ lónìí, iṣẹ́ tán nìyẹn. Ó sì ń gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, kò lẹ̀ mọ́. Gírísì tí àwọn ológun fi bò ó láyé ọba tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ ti làágùn jáde tán. Oòrùn oṣù keje Maryland kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni — mo wé igi ìdí ìbọn sínú báàgì dúdú tí a fi ń da ìdọ̀tí nù, mo gbé e sínú mọ́tò, mo ti fèrèsé pa. Nígbà tí n ó fi padà dé, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo gírísì inú rẹ̀ bí olè. Mo nù ún. Mo tún nù ún. Irin ti mọ́. Inú ọ̀pá ìbọn ń dán bí eyín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

Bóyá kí n bà á jẹ́ díẹ̀…

Rárá. Àgbàlagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà á kàn tún fi òróró kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní kò tíì mu ún dáadáa.

Tolúwalọpẹ́ máa pè tó bá ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọmọ mi kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ní Houston. "Daddy, ìbọn yẹn ńkọ́? Ẹ ti ṣe é tán?" Kí ìbọn tó dé, ọjọ́ Kérésì nìkan ló ń pè mí, àti lọ́jọ́ ìbí mi bí fóònù bá rán an létí. Mi ò bínú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe eré. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé mo ra ìbọn àlòkù àwọn ológun, ó sunkún, ó ní kí n dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n tún un ṣe tán ná, n ó tà á. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń pè. Wòlíì kankan ò tíì rí irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbà.

Nítorí náà, ìbọn yìí ò gbọdọ̀ tán. Bí mo bá tà á, kí ló tún kù tí èmi àti ọmọ mi ó jọ máa sọ? Òjò?

Mo ti gbìyànjú. Mo tú ṣúkúrù tí nǹkan kan ò ṣe, mo dá a padà. Mo ní ó ku ìdí rẹ̀. Mo ní ó ku ọrùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún un pé òtútù mú igi náà, ó yẹ ká fún un láyè kó gbádùn. Kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ ló ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi, omi ti pá bíṣọ́ọ̀bù lórí rí nítorí mi, àmọ́ ọmọ tí mo bí…

Kí ni mo tilẹ̀ rà á fún? Ìbéèrè tó dára. Mo ti dáhùn rẹ̀ dáadáa. Fún àwọn ará ìjọ, mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń jẹ tòmátò mi, mo fẹ́ kó rí ìbọn kó mọ̀ pé ilé yìí lágbà. Fún Rasaq, ọ̀rẹ́ mi ní Hyattsville, mo ní irú rẹ̀ ni bàbá mi gbé dé Bọ́mà nígbà ogun òyìnbó. Òótọ́ sì ni, àfi pé ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi sọ nípa ìbọn náà ni pé ó wúwo. Fún Lọpẹ́, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì ni. Gbogbo wọn ló gba ìdáhùn tiwọn lọ sílé.

Èmi… kò sẹ́ni tó bi mí nígbà tí mo dá wà.

Suitland ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ènìyàn la ń kà níbẹ̀ fún ìjọba. Mo ka Amẹ́ríkà, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, mi ò fo ẹnì kankan. Bí mo bá wá ka ilé yìí — ẹnì kan. Mo tún un kà. Ẹnì kan náà ni. Monísọ́lá ìyàwó mi ti lọ sọ́run láti ìgbà òtútù tó kọjá. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ò sí nínú ohun tí ìjọba ń kà.

Kí n tún fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yìí gba abẹ́ irin yẹn. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Kí n ṣáà gbà á.

Ohùn Lọpẹ́ lánàá kì í ṣe ohùn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Rasaq ló lọ pè é. A fún ọkùnrin ní agbádá sányán, dípò kó wọ̀ ọ́, ó sáré lọ fẹjọ́ ẹni sùn. "Daddy, kí ló dé tí ẹ̀ ń pín ẹrù yín?" Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù ti kún. "Wọ́n ní ẹ ti fún ọ̀gá kúáyà ní aago ọwọ́ yín náà." Mo ní mi ò níbi tí mò ń lọ mọ́ tí n ó ti pẹ́ dé. Àwàdà tó dára gan-an nìyẹn. Mo dúró de ẹ̀rín. Èémí ni mo gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo jẹun. Ṣé mo sùn. Ọmọ wo ni kì í bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kíkí ni, mo sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ́ ìkíni. Àmọ́ ẹni tó ń kíni kì í dúró de ìdáhùn, Lọpẹ́ sì ń dúró. Ó ń bèèrè ohun tí mo jẹ gan-an. Ó ń bèèrè bóyá mò ń jí lóru, bóyá ẹnikẹ́ni yà sílé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni: "Ẹ ò tíì ní ọta ìbọn kankan nílé, àbí?"

Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn — jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó gbé ohun tó lè fọ́ dání. Ohùn iṣẹ́ ni. Aláìsàn ló ń fi bi…

Kì í ṣe ìbọn ló ń bèèrè.

Kò fìgbà kan bèèrè ìbọn. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbé ka iwájú bàbá ẹni ni, ló ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé. Ó rò pé mo fẹ́ fọwọ́ ara mi — Èmi? Èmi tí omi pá bíṣọ́ọ̀bù lórí nítorí mi? Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. N ó sọ fún un pé irọ́ ni. N ó ní, ọmọ mi, kò tilẹ̀ sí lọ́kàn bàbá rẹ láti…

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo wakọ̀ jáde lọ ra òróró tí mò ń fi kun igi. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Mo dúró síwájú ilé ìtajà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá mo ṣáná sí i, mo padà sílé, mo ní oòrùn ló mú mi.

Òróró ò tán nílé. Agolo rẹ̀ nìyí níwájú mi, ó ju ààbọ̀ lọ. Ilé ìtajà yẹn kì í sì í ta òróró igi.

Ọta ni wọ́n ń tà.

Ó dáa. Jókòó. Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀… Mò ń wá ọ̀rọ̀ kan tí n ó fi bo èyí. Ó yẹ kó wà, kò sí ìgbà tí kì í wà. Mo wò ó títí. Kò sí.

Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì, ó ń ti ara rẹ̀ lọ sáàárín àkísà. Lọpẹ́. Ọwọ́ mi kún fún òróró, mò ń nù ún sára ṣòkòtò. Ó máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá mo ti jẹun. Láti àná, mi ò tíì jẹun. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn mi bá ṣì dúró lẹ́yìn ìyẹn, n ó sọ ibi tí mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.