Àyè Hassan

Ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan n'Ílaròó, méjì méjì ni Àǹtí Ọlábímpé ń kọ́ àwọn ọmọ láti fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí ẹní. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á ka ení títí dé àrún. Hassan àti Husain, àwọn ìbejì, kì í ṣubú.

Lóṣù tó kọjá, ibà mú Hassan lọ. Wọn kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Ìyá wọn sọ fún Husain pé Hassan wá igi lọ. Irọ́ náà ń bí Àǹtí nínú, ṣùgbọ́n nígbà tí Husain bi òun náà, ohun tó sọ nìyẹn.

Lónìí, Husain nìkan dúró lórí ẹní. Ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo, ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Ara Àǹtí ò gbà á mọ́. Ó lọ bá a, ó di ọwọ́ náà mú.

Ọmọ náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Tí Hassan bá wá igi dé, ibo ló máa dúró sí?"