Odò Tó Ń Kún Nígbà Ìkórè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bámiṣayé fi ka omi ní Lọ́kọ́ja. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò níbi tí wọ́n ri ọ̀pá onínọ́ńbà kan mọ́, á wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ó mọ ìgbà tí Odò Ọya ń kún, ó sì mọ ìgbà tó ń fà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó pinnu pé òun yóò ka Bíbélì tán pátápátá, nítorí láti kékeré, ẹsẹ tí pásítọ̀ bá pè nìkan ló máa ń ṣí.

Bíbélì Yorùbá ti Iredélé ìyàwó rẹ̀, èyí tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé ìwé Jóṣúà, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti fẹ́ la odò Jọ́dánì kọjá. Ó kà á níbẹ̀ pé ìgbà ìkórè ni odò yẹn máa ń kún bo bèbè. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ náà mọ́lẹ̀.

"Ìyá Ṣeun, ìgbà wo la ń kórè ọkà bàbà?"

"Ìgbà ọyẹ́ kẹ̀," ni Iredélé dáhùn. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́.

"Odò ńkọ́ nígbà ọyẹ́?"

"Ó ti fà. Ṣé èmi ni ẹ̀ ń bi ní ọ̀rọ̀ odò?"

"Báwo wá ni tiwọn ṣe ń kún nígbà ìkórè? Níbo lomi yẹn ti ń wá?"

Iredélé rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ ṣáà máa kà á lọ."

Kò lè kà á lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ro odò tí kò rí rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó bi Tósìn, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Tósìn ní yunifásítì, yàrá kan ló háyà ní Adankolo.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni Tósìn wí. "Àmọ́ ẹ lè ra Bíbélì alálàyé, èyí tí wọ́n kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Oríṣiríṣi ló wà o. Ẹ má wo bí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń dán. Ìbéèrè tó ń dà yín láàmù yìí, ẹ bi gbogbo wọn. Èyí tó bá yín sọ ọ̀rọ̀ gidi ni kẹ́ ẹ mú."

Bí Bámiṣayé ṣe gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Stephen tó ń ta ìwé lọ nìyẹn. Ìyá Stephen gbé Bíbélì alálàyé mẹ́ta kalẹ̀ fún un, ó fún un ní àpótí kan kó fi jókòó. Bámiṣayé wọ awò rẹ̀. Ó ṣí àkọ́kọ́ sí ẹsẹ náà. Bíbélì yẹn ṣàlàyé ohun tí orúkọ Jóṣúà túmọ̀ sí, ó ṣàlàyé àpótí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ó ṣí ìkejì. Ohun tí ìyẹn sọ ni pé gbogbo Jọ́dánì tó wà níwájú òǹkàwé yóò gbẹ lọ́dún yìí: ti físà, ti ọkọ àfẹ́sọ́nà, ti ìgbéga níbi iṣẹ́.

"Ìyá Stephen, ọ̀rọ̀ omi ni mo bi èyí, ọ̀rọ̀ físà ló ń bá mi sọ."

"Òun gan-an ló ń tà jù, Bàbá."

Ìkẹta tóbi, èèpo rẹ̀ kò sì dán, ó dà bí aṣọ iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé inú rẹ̀, nítorí náà ó rọra kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Lójijì ó gbá itan rẹ̀.

"Òjò dídì ni!"

"Kí ni, Bàbá?"

"Òjò tó dì lórí Òkè Hámónì ló ń yọ́ nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkà báálì tiwọn ń gbó! Ìkórè tiwọn yàtọ̀ sí tiwa!" Ó yí ìwé náà síwájú Ìyá Stephen kó lè rí àwòrán ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó ń fi ìka tọ odò náà láti orí òkè bọ̀ nísàlẹ̀. Òun ló rà.

Fún oṣù kan, ìwé náà kò kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń rú u lójú láti kékeré ló ń wá ìdáhùn rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì ń rí púpọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tó fi di pé àlàyé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kà. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ gòkè dé ibi tí ẹsẹ wà mọ́.

Ó di ọjọ́ kan tí Tósìn ń kọ́ wọn nípa bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe la Jọ́dánì kọjá. Bámiṣayé nawọ́. Ó dìde.

"Bíbélì sọ fún wa pé bèbè odò ló ya lulẹ̀ lápá òkè, nítòsí ìlú Ádámù. Òun ló dí omi."

Alàgbà Oyèníyì, tó jókòó síwájú, yíjú padà. "Bíbélì wo?"

"Ẹsẹ wo ni, Bàbá?" ni Tósìn bi í jẹ́jẹ́.

Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Wọ́n rí ìlú Ádámù, wọ́n rí omi tó dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí bèbè tó ya. Bámiṣayé tẹjú mọ́ ìwé tirẹ̀. Lábẹ́ pátápátá, nínú lẹ́tà wínníwínní, ló ti rí i: àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé bèbè ló ya.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣàlàyé ni mo pè ní ọ̀rọ̀ Bíbélì."

"Ohun tí mo ń wí nìyẹn," ni Alàgbà Oyèníyì sọ. "Àwọn ìwé yìí fẹ́ sọ iṣẹ́ Ọlọ́run di yẹpẹrẹ."

Bámiṣayé délé, ó gbé Bíbélì náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Iredélé ló gun àga lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwé ò ṣẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Láti ọ̀la lọ, èmi á máa ka tèmi sókè, tí kò ní àlàyé. Ohun tó bá yà wá lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó ṣí tiyín."

Bí wọ́n ti ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Iredélé á kà, Bámiṣayé á kọ ìbéèrè sínú ìwé kékeré kan, wọn á jọ rò ó, kí wọ́n tó wo ìsàlẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ wọn bí àlàyé bá bá ohun tí wọ́n rò mu. Ìgbà tí kò bá bá a mu ni àríyànjiyàn wọn máa ń gùn.

Ọ̀rọ̀ bèbè odò kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀, torí náà ó gba Kpata lọ kí Lìádì. Ìlọrin ni bàbá ńlá Lìádì ti wá, Mùsùlùmí ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ ìgbà iṣẹ́ ni wọ́n.

"Lìádì, ǹjẹ́ o ti rí i rí kí bèbè ya, kó dí odò?"

"Lódò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni. Bèbè ya lápá òkè, igi wó lé e, omi sì dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwa tá a wà nísàlẹ̀ ò mọ nǹkan kan. A kàn rí i pé omi gbẹ. Ọjọ́ kejì lẹnì kan tòkè wá sọ ọ́ fún wa."

Bámiṣayé wá sọ ìtàn Jọ́dánì fún un, bó ṣe jẹ́ pé ibi tó jìnnà réré sí àwọn èèyàn náà ni omi ti dúró. Lìádì fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ta wá ló sọ fún wọn?" ló bi í.

"Sọ kí ni?"

"Pé Ádámù lomi ti dúró. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí i. Ẹnì kan ti ní láti wà lókè níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Bámiṣayé dìde, ó kọrí sílé. Nígbà tó délé, ó ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wo àlàyé, ó wo àwọn ìtọ́ka etí ìwé, ó sì ṣí gbogbo ibi tí wọ́n júwe fún un. Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè Lìádì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó tún nawọ́.

"Mi ò ní ìdáhùn o," ló wí. "Ìbéèrè ni mo gbé wá, ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í ṣe Kristẹni ló sì bi mí." Ó wá ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn.

Tósìn ní òun kò mọ̀ ọ́n. Alàgbà Oyèníyì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tó ń ṣí ìwé, wárawára, Bíbélì tirẹ̀ tí kò ní àlàyé kankan. Ó ṣí orí kẹrin kọjá, ó dúró ní orí karùn-ún.

"Ẹ wò ó níbí! Àwọn ọba òdìkejì odò gbọ́ pé omi náà gbẹ, àyà wọn sì já. Ìròyìn rìn nígbà náà! Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ádámù ṣe dé etí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì."

"Bóyá," ni Bámiṣayé wí.

"Bóyá ni mo sọ," ni alàgbà náà dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bá mi wo ohun tí tiyín sọ níbẹ̀."

Bámiṣayé gbé Bíbélì ńlá náà lọ síwájú, àwọn àgbà méjèèjì sì ki orí bọ̀ ọ́ títí kíláàsì fi tú.

Nígbà tó padà dé ilé, Iredélé ti ń dúró dè é pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀. Ó ti ka orí kẹrin ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá Ṣeun, òkúta méjìlá ni wọ́n rù jáde. Mo tún rí òkúta méjìlá tí wọ́n tò sí àárín odò. Ṣé ọ̀kan náà ni àbí ọ̀nà méjì ni wọ́n?"

Bámiṣayé na ọwọ́ sí Bíbélì alálàyé. Iredélé di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ jókòó ná," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á."