Ìdì Káàdì Tí Kò Ní Asà

"Káàdì ìkọlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo fẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́."

Ummulkulthum na ọwọ́ sórí tábìlì, kò sì gbé e kúrò. Sàlàhúdíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó wo àwọn káàdì tí ó wà níwájú ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Láti ìgbà tí a ti ra eré yìí, ta ní ń kọlù? Èmi ni. Ta ní ń wo ọgbẹ́? Ìwọ ni. Ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì di sójà?"

"Lónìí ni. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a ní nínú káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, kò lè sí lọ́wọ́ mi. Ẹ kó wọn wá."

Eré àwọn akọni ni eré náà. Àwọn tí ń ta á kì í bá ara wọn jà. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń dojú kọ, ọ̀tá tí ènìyàn kankan kò darí, àfi àwọn káàdì tirẹ̀ tí wọ́n ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣubú, gbogbo wọn ni ó borí. Bí ìlú bá bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo wọn ni ó pàdánù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù a mú akọni kan, a sì ṣa ogójì káàdì jọ fún un. Níbi ìṣàjọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò bá mọ ìdì káàdì í dì, kí ó tó jókòó ni ó ti pàdánù.

Sàlàhúdíìnì kó káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ní mọ́ṣáláṣí iwájú ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnì àti òwú wọn ní Láfẹ́nwá ṣáájú àkókò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí eré ni òun ṣe tètè dé. Irọ́ ni. Ó fẹ́ wà nílé bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn.

"O ti yọ asà méjèèjì kúrò?" ni ó bèèrè.

"Mo ti yọ wọ́n."

"Oògùn ńkọ́?"

"Mo ti yọ òun náà."

"Ummu! Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ní í bógun lọ."

"Ẹni tó mọ ìsá tí kò mọ ìjà ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ogun ń bá a." Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ fún pọ̀ díẹ̀, ó sì dúró títí ìrora náà fi kọjá. "Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ọ̀tá á fi ọ̀kan nínú bọ́tìnì tí a fi ń kà yìí kún ète rẹ̀. Bí bọ́tìnì bá pé méjìlá, ìlú ti lọ. Bí mo bá ń wo ọgbẹ́, bọ́tìnì ń wọlé. Bí mo bá ń gbé asà, bọ́tìnì ń wọlé. Asà kò dá a dúró. Ó kàn ń jẹ́ kí n jókòó pẹ́ kí n máa wò ó ni."

"Kí lo wá kó sínú rẹ̀?"

"Àwọn tí kò gba agbára púpọ̀, kí n lè lù ú láti ìyípo àkọ́kọ́. Ohun ìjà mẹ́ta péré, nítorí ọwọ́ méjì ni akọni ní. Mẹ́rin tí ń fa káàdì mìíràn wọlé, kí ọwọ́ mi má baà ṣófo. Èyí tó bá wúwo ju mẹ́ta lọ, mi ò mú u. Kí n tó kó agbára rẹ̀ jọ, òkú ni mí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gún Sàlàhúdíìnì láyà. Ó bojú wo ọ̀pá méjì tí àbúrò rẹ̀ ń há sí abíyá fi rìn, tí wọ́n fara ti ògiri. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n bí mọ́ ọn ti jẹ oríkèé ìbàdí rẹ̀ dé orí eegun. Dókítà eegun tí ó lè pààrọ̀ rẹ̀ kì í wá sí ilé ìwòsàn tí ó ń lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ sì ni wọ́n dá fún Ummu. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pe fóònù Sàlàhúdíìnì pé kí ó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yàrá Ummu tí ó sọ fún un pé dókítà kò wá mọ́, pé ó di lẹ́yìn Iléyá.

"Bí gbogbo tìrẹ bá jẹ́ ìkọlù," ni ó wí, "ta ni yóò bò ọ́?"

"Ẹ̀yin ni." Ó ti àwọn asà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìdì bíi tèmi yìí, ẹni tó bá dá nìkan gbé e, kò ní rí ìyípo kẹta. Àfi kí ẹnìkejì rẹ̀ gba ọgbẹ́ fún un."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ogójì ni ẹ̀mí ọ̀tá. Ní ìyípo kejì, Ummu ti lù ú dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ní ìkẹrin, ó ti kù ní mọ́kàndínlógún, bọ́tìnì mẹ́rin péré sì ni ó wà lórí ète.

"Ẹ ò rí i bí?" ni Ummu ń pariwo. "Ẹ ò rí i bí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nọ́ọ̀sì ni mí!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sàlàhúdíìnì ti gba ọgbẹ́ fún un. Ọ̀tá tún ṣí káàdì: ọgbẹ́ mẹ́fà, orí Ummu ni. Asà wà lọ́wọ́ Sàlàhúdíìnì. Bí ó bá fi í lélẹ̀ láti gba ọgbẹ́ náà fún un, akọni tirẹ̀ yóò ku ẹ̀mí ẹyọ kan.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lẹ ń rò? Bí mo bá ṣubú, ta ni yóò lù ú?"

Ìgbà náà ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, tí kò sì dúró kí wọ́n ṣí i.

"Ẹ kú ilé o! Háà, káàdì lẹ ń ta!" Harriet ni, ọ̀rẹ́ Ummu láti ilé ìwé girama, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn náà. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé? Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń pè yín. Páìntì ẹ̀jẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, ọ̀kan ló kù, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yín bá tirẹ̀ mu. Bí a kò bá rí i kí á tó tilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí àyè Ummu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo?" ni Ummu bèèrè.

Harriet wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní dókítà kò wá mọ́."

"Ummu…"

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀."

Ummulkulthum kò pariwo. Ó to káàdì ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó dojú wọn délẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi buwọ́ lùwé fún Aishat, ọmọ ìyá wa," ni Sàlàhúdíìnì wí. "Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, wọ́n ní àfi kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún un, mo sì buwọ́ lù ú. Òkú méjì ni wọ́n gbé jáde fún mi. Ìwọ kò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀. Ilé ni mo wà, tí mò ń ká aṣọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Ẹ ò bi mí léèrè rí."

"Mò ń dáàbò bò ọ́ ni."

"Ta lẹ ń dáàbò bò? Èmi, àbí ọwọ́ yín? Wọn kò ní kí ẹ buwọ́ lu nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá. Èmi fúnra mi ti buwọ́ lu tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ mú wá."

"Bí o bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Harriet wí.

"Fi í sílẹ̀, Harriet, ìbéèrè gidi ni. Bí mo bá kú, ẹ ó sunkún, ẹ ó sì sin mí kí oòrùn tó wọ̀. Bí mo bá sì jókòó báyìí, eegun yìí ń rún lọ, ẹ rí àwòrán rẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbé mi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èwo nínú méjèèjì lẹ bá mi yàn, tẹ́ ẹ fi purọ́ fún mi?"

Sàlàhúdíìnì la ẹnu. Ó gbìyànjú láti sọ pé òun kò yan ọ̀kankan, ó sì rí i pé ohun tí òun yàn gan-an nìyẹn.

"Aago mélòó ló lù?" ni Ummu bèèrè.

"Márùn-ún ku díẹ̀," ni Harriet wí.

"Màá lọ," ni Sàlàhúdíìnì wí.

"Gbogbo wa la jọ ń lọ. Mi ò lè jókòó sílé gba ìròyìn lẹ́nu yín mọ́."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní gbogbo ọ̀nà, ní orí gbogbo kòtò, Ummu di irin iwájú mú, kò sì fara ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jókòó tì í.

Ní yàrá ẹ̀jẹ̀, Harriet mú ìwé Ummu jáde, ó ń kà á jẹ́ẹ́ kí ó lè fi orúkọ ẹni tí ń fúnni lẹ́jẹ̀ kún un. Ummu na ìka sí ìlà kan.

"Ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀," ni ó wí. "Fa igi lé nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá. Kọ tìrẹ síbẹ̀."

Harriet dúró, bírò lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n?"

Sàlàhúdíìnì ti jókòó lórí àga gígùn. Àlejò méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ ń wò ó. "Fa igi lé e," ni ó wí.

Bírò kọjá lórí ìwé. Harriet fọ ọwọ́, ó tú abẹ́rẹ́ tuntun jáde nínú ọ̀rá.

"Harriet," ni Sàlàhúdíìnì wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń bèèrè ọ̀nà lọ, "bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé wàá sọ fún mi?"

Harriet gbójú sókè. Ummulkulthum ni ó wò.

Ummu yíjú sí Harriet. "Sọ fún un. Bó bá ṣe rí gan-an ni kí o sọ ọ́. Má dín in, má sì bù sí i."

Sàlàhúdíìnì mi orí. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè dé èjìká, ó sì na apá.