Ẹ Fi Ọkọ́ Yín Sájà

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọdún tí Lawrence Awóyẹmí gbé katapílà kékeré rẹ̀ wọ Òkè-Ìrókò, ó dìde ní ìpàdé ìlú, ó ní kí gbogbo ọkùnrin fi ọkọ́ wọn sájà. Ó ní ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láti dí ọ̀gbun ojú ọ̀nà Òkè-Ọdẹ ti parí nìyẹn, òun nìkan ni yóò máa dí i, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ ìsinmi? Ìyá rẹ̀, Màmá Rúùtù, nìkan ló mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹnu ọmọ òun lọ. Lawrence rẹ́rìn-ín ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Kò kúkú parọ́ nígbà náà. Owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, àwọn òyìnbó kọngílá ń la ọ̀nà kiri lágbègbè Àjàṣẹ́-Ìpo, Lawrence sì ni mẹkáníìkì wọn. Nígbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ tó ti gbó fún ẹni tó bá fẹ́, ó sì mú èyí tó kéré jù níbẹ̀: táyà mẹ́rin, apá irin méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kọjá, àti ṣọ́bìrì ńlá níwájú. Kò ní ìdarí bí i ti mọ́tò. Ọ̀pá irin méjì ni wọ́n fi ń wà á. Bí táyà ọ̀tún bá ń lọ síwájú tí tòsì ń padà sẹ́yìn, á máa yí lójú kan bí òkòtó. Nítorí pé orí ló fi ń kan nǹkan, àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Àgbò. Ọdún mẹ́ta ni Àgbò fi dí ọ̀gbun náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀. Ọkọ́ wà lájà, ikán sì ń jẹ ẹ̀rúkọ́ lọ ní tirẹ̀.

Ọdún 1984 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Sójà ti gbàjọba, ìlú le, ọṣẹ àti ṣúgà di ohun tí à ń tò fún, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀yà ẹ̀rọ tuntun rà. Lawrence rò pé kí òun tètè tọ́jú Àgbò kí òjò tó dé. Ó fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù nínú táǹkì, ìyẹn ọ́ìlì tí pọ́ǹpù máa ń tì lọ gbé apá rẹ̀ sókè, ó sì béèrè àkísà. Màmá Rúùtù wọlé, ó mú ìró àdìrẹ àtijọ́ rẹ̀ kan jáde, ó fà á ya, ó sì jókòó tì í. Ẹnu táǹkì kò gba ọwọ́ Lawrence, nítorí náà ó ń wé aṣọ náà mọ́ igi, ó ń fi nu inú rẹ̀. Màmá ní kó nù ún dáadáa, pé ohun tí a bá tọ́jú ní í tọ́jú ẹni. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi da ọ́ìlì tuntun sí i tó sì dé e pa.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni màmá yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, tí egungun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe tán, ó bọ́ sílé Rótìmí, àbúrò Lawrence, tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa dùbúlẹ̀ gbalaja ni; kò gbọ́dọ̀ gun alùpùpù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀n ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni màmá ń wí: kí wọ́n gbé òun padà sí Òkè-Ìrókò, òun kò fẹ́ kú síbi tí òun kò ti mọ ohùn aládùúgbò. Lawrence dì í lọ́wọ́ mú, ó ṣèlérí fún un pé bí òun bá ti tún ojú ọ̀nà ṣe báyìí, òun yóò fi mọ́tò wá gbé e. Òjò ńlá tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ ti gé ọ̀nà Òkè-Ọdẹ, èyí tí à ń gbà dé Ìlọrin, pátápátá. Ènìyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun kó tó gun òdì kejì.

Ó gun Àgbò lọ síbẹ̀. Àgbò bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́, ó dà á, ó tún bu òmíràn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, apá rẹ̀ ń gòkè bí arúgbó tó ń dìde nílẹ̀. Nígbà tó tún ṣe, kò gbéra mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, apá kò mira. Lawrence pa á, ó jẹ́ kó sinmi, ó tún ṣíná sí i. Ara Àgbò tún yá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí, ó bu díẹ̀, ó tún kú. Lawrence pààrọ̀ asẹ́ ọ́ìlì. Ó yẹ gbogbo rọ́bà wò bóyá ó ń jò. Ó tú àwọn ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọ apá, ó nù wọ́n, ó dì wọ́n padà, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ó wá pinnu pé pọ́ǹpù ló ti gbó, ó sì ránṣẹ́ sí Èkó pé kí wọ́n bá òun wá àlòkù. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọjọ́ ogbó lè ṣe fún ẹ̀rọ ló yẹ̀ wò. Kò ronú kan ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń ṣáájú ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́, wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń tú irin. Ó ní kí Lawrence sáà sọ̀rọ̀ sílùú, kó ní kí wọ́n gba òun, Sátidé méjì péré ni ọ̀gbun náà yóò fi dí. Òun kò lè kó ènìyàn jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ní kí wọ́n fi ọkọ́ sájà ló ní kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lawrence ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pọ́ǹpù ń bọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tẹ́ màmá sórí ibùsùn, kí ọkùnrin mẹ́jọ gbé e léjìká ré ọ̀gbun kọjá. Ibi tí inú ti bí Lawrence nìyẹn.

"A kì í gbé alààyè bí òkú, Ọ̀ṣẹ́nì. Mọ́tò ni màmá mi máa bá wálé."

"Ó dáa," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Wàláì, bí o bá rò ó tún un rò, ilé mi ò jìnnà."

Ìtìjú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tí gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún, báwo ni yóò ṣe padà wá bẹ ọkọ́? Caroline ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ilé ni màmá ń béèrè, kò béèrè mọ́tò. Rótìmí ń ránṣẹ́, ó ní ara màmá ń fà sẹ́yìn, Lawrence sì ń ránṣẹ́ padà pé ó kù díẹ̀. Òjò ń rọ̀, pọ́ǹpù kò dé, ọ̀gbun ń jìn sí i.

Nígbà tí pọ́ǹpù dé níkẹyìn, ó dè é mọ́lẹ̀ láàárọ̀, ó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì. Àgbò gbé apá sókè bí ọ̀dọ́. Kò pẹ́, apá náà tún ń rọ bọ̀ wálẹ̀. Lawrence jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì bo ojú. Caroline tó ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá Débórà, tó bá sinmi, ara rẹ̀ á yá. Tó bá ṣiṣẹ́, á kú. Ẹni tí kò lágbára kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé nǹkan ló ń fún un lọ́rùn."

Lawrence gbé ojú sókè. Ó dìde, ó tú rọ́bà tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì nídìí táǹkì. Ọ́ìlì tú jáde wọ̀ọ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀, ó di kíkán tó-tó-tó, bẹ́ẹ̀ táǹkì kò tíì gbẹ. Ó ti wáyà bọ ihò náà. Wáyà kan nǹkan rírọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọwọ́ Caroline ló tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló tì í bọ ẹnu táǹkì lókè, ó ń wá a kiri nísàlẹ̀, ó sì fa nǹkan dúdú kan jáde tí ọ́ìlì ń ro tótó lára rẹ̀. Ó tú u. Láàárín ibi tó ká sí, iṣẹ́ àdìrẹ náà ṣì hàn.

Àwọn méjèèjì mọ aṣọ náà. Àkísà ti bọ́ lórí igi lọ́jọ́ náà, Lawrence kò sì kà á bóyá gbogbo èyí tó wọlé ló jáde. Bí ẹ̀rọ bá sinmi, aṣọ á léfòó. Bó bá ń fa ọ́ìlì, aṣọ á lọ dí i lẹ́nu. Àbámọ̀ gbá a láyà. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Síbẹ̀, ayọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó rò pé ọjọ́ kò tíì lọ. Ó fún aṣọ náà, ó ká a sápò. Ó ní òun yóò mú un dé Ìlọrin, òun yóò fi han màmá, màmá yóò bú òun dáadáa, wọn yóò sì jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Àgbò bu yẹ̀pẹ̀ láti òwúrọ̀, kò rẹ̀ ẹ́. Ó dí ọ̀gbun náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún ń lọ tún ń bọ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Oòrùn ń rẹlẹ̀ nígbà tí mọ́tò kan yọ láti ọ̀nà Òkè-Ọdẹ. Ó dé ibi tí ọ̀gbun wà tẹ́lẹ̀, ó dúró. Rótìmí ló bọ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti múra láti fi ẹsẹ̀ sọdá. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lawrence pa ẹ́ńjìnnì.

"Àná ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Rótìmí wí. "Láàárọ̀. Àyà rẹ̀ ló dì, kò rí èémí mí mọ́. Kò sí ojúmọ́ kan tí kì í béèrè bóyá ara Àgbò ti yá."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú màmá dé, mọ́tò tó gbé e yọ́ gba ojú ọ̀nà tuntun kọjá. Awakọ̀ rẹ̀, tí kò mọ ohunkóhun, di Lawrence lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́. Ó ní ọ̀nà náà dára púpọ̀, pé màmá kò mì rárá láti Òkè-Ọdẹ títí dé ilé. Lawrence ní ó ṣeun.

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè wà. Ọ̀ṣẹ́nì àti ẹgbẹ́ wọn ti gbẹ́ ẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti òkú kò dúró de ìpè, wọ́n ti gbé ọkọ́ sọ̀ kalẹ̀ lájà fúnra wọn. Nígbà tí pásítọ̀ gbàdúrà tán, tó ku kí wọ́n bo ilẹ̀, ẹnì kan ní ṣé kí wọ́n wa Àgbò wá, pé kíá ni yóò dí i. Kò sọ ọ́ láti fi ṣẹ̀sín. Lawrence mi orí. Ó wọlé lọ wá ọkọ́ tirẹ̀ lájà. Irin rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ikán ti jẹ ẹ̀rúkọ́ tán. Ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó dúró láàárín wọn pẹ̀lú àkísà tó wà lápò rẹ̀.

"Ẹ gbà mí," ló wí.

Ọ̀ṣẹ́nì na ọkọ́ tirẹ̀ sí i.