Ìpénpéjú Ìyá Àbídéènì

Ìpénpéjú òsì Ìyá Àbídéènì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn sì tó gun òkè, gbogbo ojúlé tó wà nítòsí ní àdúgbò Fidjrossè ti gbọ́. Ìyá náà dúró sáàárín àgbàlá, ó fi ìka kan ojú, ó ń pe ayé wá wò ó.

"Ẹ wá wò ó bó ṣe ń jó! Mo wà ní Ekpè láti oṣù tó kọjá, ojú mi ò gbọ̀n. Mo dé ilé ọmọ mi, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú ilé yìí? Ta ló wà nínú ilé yìí?"

Ta ló tún kù? Ràhmát, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló jókòó síbẹ̀ tó ń fọ abọ́ tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú rẹ̀. Ó kàn ń fi kànrìnkàn họ ìdí ìkòkò bí ẹni pé ìkòkò ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ. Bí ìpénpéjú ọ̀tún bá gbọ̀n, ayọ̀ ń bọ̀. Bó bá jẹ́ tòsì, pàápàá ti ìsàlẹ̀, ẹkún ni. Àwọn kan ń gbọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àbídéènì kì í rẹ́rìn-ín. Tòsì rẹ̀ gbọ̀n kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó tún gbọ̀n kí òkun tó gbé àbúrò rẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ló ti ní ojú òun kì í purọ́. Ní báyìí, ojú tí kì í purọ́ ti wá wo ìyàwó ọmọ, ó ti pè é ní àjẹ́.

Kò tíì sọ ọ́ sí Ràhmát létí tààrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá kẹ́yìn, ojú náà gbọ̀n, Àbdùlàhí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ràhmát bí, sì gbóná lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní etí pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ẹ gbà mí o! Ọmọ wo ló kú? Ọmọ tó ní ibà, tó lo oògùn, tó wà lóde báyìí tó ń lé adìyẹ onílé kiri!

Ohun tó wá ń dun Ràhmát jù ni pé kò sóhun tí òun fi du ìyá yìí rí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìyá ọkọ kì í wọlé kí ìyàwó má fi obì kí i. Bí Ìyá Àbídéènì bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Ràhmát á kúnlẹ̀, á gbé àwo obì gbànja síwájú rẹ̀, àwọn tó tóbi, tó tutù, tí òun fúnra rẹ̀ ṣà ní ọjà Tokpa. Kì í jẹ́ kí àwo náà ṣófo títí ìyá á fi padà sí Ekpè. Ní Ekpè, opó ni ìyá náà, ẹyọ obì kan lè bá a délẹ̀ ọ̀sẹ̀. Nílé ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ìyàwó tó bá sì jẹ́ kí obì tán nínú àwo ìyá ọkọ, ahun ni, wọn ò sì kọ́ ọ nílé.

Ràhmát kó abọ́ wọlé. Àbídéènì, ọkọ rẹ̀, ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe.

"Bàbá Àbdùlàhí, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ lóde?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ wá sọ sí i?"

Ọkùnrin náà ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lórí tábìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà gbangba. "Má bínú, Ràhmát. Ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ òótọ́, kí ló dé tí ojú wọn kì í gbọ̀n ní Ekpè? Ilé yìí nìkan ni."

"Èmi lẹ̀ ń bi? Ṣé èmi ni mo dá ojú?"

"Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Bàbá Rájí." Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àbídéènì nìyẹn, òun ni olórí ẹbí. "Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀. Bí ojú náà kò bá tíì dákẹ́, Màmá ní kí o lọ sinmi díẹ̀ nílé bàbá rẹ ní Sèmè-Kpodji."

"Àbdùlàhí ńkọ́?"

"Wọ́n ní kó dúró."

"Wọ́n ní! Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin ní?"

Àbídéènì mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ràhmát dúró sójú kan, ó ń gbọ́ bí alùpùpù ṣe ń lọ, ó sì mọ̀ pé bí ọjọ́ Àìkú bá burú, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Lóru ọjọ́ yẹn ló jáde lọ mumi, tó bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àga níwájú ilẹ̀kùn yàrá wọn. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, obì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere.

"Màmá, ẹ ò tíì sùn?"

"Oorun kẹ̀? Kí àwọn kan máa fò, kí n máa hanrun?"

Háà! Àṣé gbogbo ìgbà tí ìyá yìí bá wá kí wọn, ibẹ̀ ló ń jókòó sí di àfẹ̀mọ́júmọ́, tó ń retí kí Ràhmát di ẹyẹ! Inú bí Ràhmát débi pé òùngbẹ kúrò lọ́fun rẹ̀. Ó bu obì nínú àwo tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó padà wọlé, ó jókòó tira ilẹ̀kùn kan náà láti inú. Ó lóun náà ò ní sùn mọ́. Bó bá di ìṣọ́, kí wọ́n jọ máa ṣọ́ra wọn, ká wo ẹni tí ilẹ̀ máa kọ́kọ́ mọ́ bá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lóru Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lóru Jímọ̀. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé e, á gé obì jẹ. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó rò pé ìbínú ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fẹ́ fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Òwú kọ̀, kò wọlé. Ó tún gbìyànjú, ojú rẹ̀ sì fò. Ó rò pé eṣinṣin ni, ó gbá a. Ó tún fò. Ìpénpéjú òsì ni, ti ìsàlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í tan ara ẹni, ẹ̀rù bà á. Àbí òótọ́ ni? Àbí nǹkan kan wà lára òun tí òun ò mọ̀, tí ìyá àgbà yìí ti rí? Ó wo Àbdùlàhí tó ń fi àjákù aṣọ ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ sí ilé ìtajà oògùn tó wà lẹ́bàá títì.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú náà fìrí. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó kàn ń gbọ̀n."

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

Ràhmát tún ọjá ọmọ so.

"Ẹ ń mu káfé tó le?"

"Èmi kì í mu káfé."

"Obì ńkọ́? Ọ̀kan náà ni wọ́n, méjèèjì ló ń lé oorun. Àìsùn, obì, ìrònú, bí wọ́n bá pàdé lára èèyàn, ìpénpéjú á máa jó. Kì í ṣe àrùn ńlá. Ẹ fi obì sílẹ̀, ẹ lọ sùn. Bí kò bá dákẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí bó bá ń pa ojú yín dé, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ojú."

Ràhmát bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín tí kò ládùn kankan. Obì! Obì tí òun ń fi ìkúnlẹ̀ gbé kalẹ̀! Ọ̀wọ̀ tí òun ń bù fún ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ ń jẹ, tó fi ń lé oorun, tó fi ń ṣọ́ òun, tí ojú fi ń gbọ̀n, tó fi ń pe òun ní àjẹ́! Láti ibẹ̀ dé ilé, ìbínú ló ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Bàbá Rájí dé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun àìlá. Arúgbó onísùúrù ni, ó wọ awò ojú tó nípọn. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, Àbídéènì dorí kodò, ojú ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n láìsinmi. Ràhmát kúnlẹ̀, ó gbé omi síwájú àlejò. Omi nìkan.

"Obì dà?" Ìyá Àbídéènì béèrè.

"Kò sí obì, Màmá. Mo ti kó o dànù."

Ariwo sọ! Ìyá náà dìde, ó ní ẹ̀yin náà gbọ́, ó ti já aṣọ lójú ara rẹ̀. Àbídéènì, ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ láti Ọjọ́bọ̀, rí ohùn lójijì. "Ràhmát! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Wàá lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi jáde láìfún un lóbì?"

"Ẹ dákẹ́!" Gbogbo wọn dákẹ́ lóòótọ́, ẹnu yà wọ́n, nítorí ohùn rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ wo ojú mi."

Bàbá Rájí tẹ̀ síwájú, ó tún awò rẹ̀ ṣe. "Ó ń gbọ̀n. Tòsì náà ni."

"Ojú Màmá ń gbọ̀n, ojú tèmi náà ń gbọ̀n. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ló ń fà á, ta wá ni àjẹ́ nínú wa? Àbí èmi ni mò ń jẹ ara mi? Bàbá, ẹ bi Màmá, ṣé wọ́n sùn lánàá?"

Arúgbó náà kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Safurat, ṣé o sùn?"

"Ẹni tó wà nílé àjẹ́ a máa sùn ni, ẹ̀gbọ́n mi? Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ń jókòó sí mọ́jú. Obì ni mo fi ń lé oorun."

"Nígbà tó o wá tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni! Mi ò fojú kan oorun rí nínú ilé yìí!"

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ o, kò sẹ́ni tó fi ipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ràhmát ṣàlàyé ohun tí òun náà ṣe àti ohun tí ọkùnrin ilé ìtajà oògùn sọ fún òun. Bàbá Rájí mí kanlẹ̀.

"Safurat, dìde, lọ sùn. Bó o bá jí, kí o tún padà sùn. Ìyàwó yìí ò ṣe nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti sọ tèmi."

Ìyá Àbídéènì sùn bí òkúta. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, ojú rẹ̀ ti pa rọ́rọ́. Ṣé ó tọrọ àforíjì? Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní àdúrà òun ló gbà, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ekpè.

Àbídéènì wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀rín. "Ojú Màmá ti dákẹ́ o. Alihamudulilai, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ojú tèmi ò tíì dákẹ́," ni Ràhmát wí. Òótọ́ ni. Ó ti ń sùn, kò fẹnu kan obì mọ́, síbẹ̀ bí ọkùnrin yìí bá ti wọlé báyìí, ìpénpéjú náà á bẹ̀rẹ̀.

"Á dákẹ́. Kí ló tún kù tó ń bí ọ nínú?"

Ràhmát wò ó dáadáa. "Ojú yìí lẹ ti ń wò láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi. Ẹ wò ó nígbà tí mò ń rọbí Àbdùlàhí. Ẹ wò ó nígbà tí ẹ ṣàìsàn tí mo ta ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́. Ẹ ò rí àjẹ́ níbẹ̀. Ìpénpéjú ìyá yín gbọ̀n, ẹ wá gba ìpénpéjú gbọ́, ẹ fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi."

"Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò sọ nǹkan kan!"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn."

Ilẹ̀ mọ́, ó di aṣọ rẹ̀ àti ti ọmọ. Àbídéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé kò sẹ́ni tó lé e. Ràhmát ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ń fi ẹsẹ̀ ara òun lọ.

Nínú takisí tó ń lọ sí Sèmè-Kpodji, Àbdùlàhí sùn lọ lórí itan rẹ̀. Fóònù ń dún nínú àpò, ó jẹ́ kó máa dún. Nígbà tí wọ́n kọjá Ekpè, ó rántí, ó fi ìka lé ìpénpéjú òsì rẹ̀, ó dúró. Kò gbọ̀n. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, kò gbọ̀n.

Òótọ́ ni Màmá sọ, ó wí fún ara rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ilé yẹn.