Ìwé Tó Sùn Nínú Dúrọ́ọ̀

Akọ̀wé kóòtù yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó mọ̀ pé tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú ènìyàn, ọlọ́pàá lè fi ìwé náà mú un lónìí, lọ́la tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, àfi tí adájọ́ kan náà bá wọ́gi lé e. Ó sì mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìwọ́gilé náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Òun gan-an ni ẹni náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe ọkọ àbúrò rẹ̀, agẹrun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí kóòtù, pé kó wá jẹ́rìí sí ìjà kan tó ṣojú rẹ̀. Kò yọjú. Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá lọ mú un. Lọ́jọ́ Rú, agẹrun sáré wọlé fúnra rẹ̀, òógùn bò ó.

"Ẹ má bínú, Olúwa mi. Ìyá ìyàwó mi ló wà lọ́dọ̀ mi. Kò ríran, kò lè rìn, omi gan-an èmi ni mò ń fún wọn mu. Ìyàwó mi ò sí nílé, mi ò rẹ́ni fi tì wọ́n."

"Ìyá náà ò bí ọkùnrin ni?"

"Wọ́n bí i, Olúwa mi. Kò yà wò wọ́n láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin ìyá náà, akọ̀wé yìí gan-an, jókòó níwájú wọn níbẹ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú kíákíá. Ó gbọ́ pé àbúrò òun kò sí nílé. Kò béèrè ibi tó lọ. Adájọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà. Akọ̀wé kọ ìwé rẹ̀, ó fi déètì sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí ọlọ́pàá ti agẹrun mọ́lé fún òpin ọ̀sẹ̀ péré, kí ẹnu rẹ̀ lè wálẹ̀. Ìkà pọ́ńbélé!

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé kóòtù, ó ń wo sájẹ́ǹtì tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Oníbàárà tí wọ́n gé irun rẹ̀ dé ìdajì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Wọ́n ti wọ́gi lé e! Ẹ bi wọ́n ní kóòtù!"

"Kóòtù ti ṣíwọ́. Ìwé tèmi rèé, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, arúgbó kan wà nílé mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn!"

"Kò sẹ́ni tí mo mú rí tí ìyá rẹ̀ ò ṣàìsàn," ni sájẹ́ǹtì wí, ó sì gbé e lọ.

Ní àgọ́, wọ́n gbà kí agẹrun pe ẹnìkan. Akọ̀wé ló pè. Akọ̀wé rí nọ́ńbà náà, ó da fóònù dojú bolẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. "Ẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló wí, ó pa fóònù, ó sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú agẹrun wá. Adájọ́ béèrè ìwé ìwọ́gilé, akọ̀wé sì fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀. Adájọ́ ka déètì rẹ̀ sókè: ọjọ́ Rú. Agẹrun kò tiẹ̀ wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo pè yín. Ṣé ẹ lọ wo Màmá?"

"Ṣebí ìyàwó rẹ wà ńbẹ̀?"

"Ìyàwó mi? Ó lọ kọ́ṣẹ́ nílùú mìíràn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé."

Wọ́n sáré lọ. Agẹrun yí kọ́kọ́rọ́, ó taari ilẹ̀kùn, kò ṣí tán. Nǹkan kan dí i láti inú. Màmá tí kò rìn láti ọdún méjì ti wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Agẹrun ki ọwọ́ bọ àlàfo náà, ó ń wá ojú rẹ̀. "Màmá, èmi ni. Mo ti dé." Ó pẹ́ kó tó fa ọwọ́ jáde.

Ìwé ìwọ́gilé ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

"Wọ́n ti tutù, Ẹ̀gbọ́n," ni agẹrun wí.