Ìkòkò Irú Nàíìmà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu kan ọ̀rọ̀ Nàíìmà, èsì kan ṣoṣo ni Bíllíkísù tó ń ta irú lọ́jà Kàbà máa ń fún un: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Á sọ ọ́ tán, á kọjú sí oníbàárà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Nàíìmà. Àbúrò Bíllíkísù ọkùnrin tó ti ṣaláìsí ló bí i. Martha, ìyá ọmọ náà, ló mú un wá láti Ayewa lọ́dún méjì sẹ́yìn, kó lè lọ sílé ìwé nígboro, kó sì kọ́ iṣẹ́ irú lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni pé láràárọ̀, bí Fàhàd ọmọ Bíllíkísù bá ń fi àkàrà mu kókó gbígbóná, odò ni Nàíìmà wà, ó ń fọ èèpo kúrò lára irú. Ìgbà tó bá fi dé kíláàsì, tíṣà ti kọ́ wọn débi tó dé. Bó bá sì jókòó tán, oorun ni.

Wọ́n ní àṣà kan nínú ilé wọn. Bí ọmọbìnrin bá ti mọ irú í ṣe, wọ́n á wọn hóró irú tirẹ̀ fún un. Òun nìkan ni yóò sè é, tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò tún un sè, tí yóò sì fi ewé bò ó títí tí yóò fi rà. Ìyá ọmọ náà ló ni ìkòkò irú àkọ́ṣe yẹn. Ọjọ́ tí ìyá bá gbà á ni ẹ̀kọ́ parí. Bí wọ́n bá tún fẹ́ kí ọmọ náà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Kí ọdún kan tó pé ni Bíllíkísù ti gbé tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọn kò tíì wọn ti Nàíìmà fún un, odò ló ṣì wà. Bíllíkísù ní fífọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Irọ́ gbuu ni. Fífọ̀ yẹn gan-an làwọn oníbàárà ń torí ẹ̀ yin Bíllíkísù, ó sì ń gba ìyìn náà láìtijú.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Martha ru iṣu dé. "Okun o, ìyá Fàhàd," ó kí Bíllíkísù bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kàbà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Nàíìmà ti bó. Martha kì í pariwo. Bó bá ń bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

"Ìyá Fàhàd, ìkòkò mi ńkọ́?"

Bíllíkísù ní ó ku díẹ̀, ó sì fi òwe rẹ̀ lé e. Martha wo Fàhàd, tó jẹun tán tó ń retí kí Nàíìmà wá kó abọ́.

"Òótọ́ lẹ sọ. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ yìí, ta ni yóò jogún rẹ̀, Nàíìmà ni àbí Fàhàd?"

Ó ní òun ń padà bọ̀ lópin oṣù. Bí òun kò bá rí ìkòkò òun gbé, òun á mú ọmọ òun lọ.

Inú bí Bíllíkísù. Bí Nàíìmà ti sin ìyá rẹ̀ lọ síbùdókọ̀, Bíllíkísù ní kí Fàhàd dá iná. Fàhàd, ọmọ ọdún méjìlá, dúró síwájú ààrò, ó ń béèrè ibi tí ìṣáná wà, ó tún ń béèrè igi tí òun máa kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ba Bíllíkísù. Nàíìmà sì dé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó gbé garawa. Bíllíkísù mọ̀ nígbà náà pé bí ọmọ yìí bá lọ, kò ní wẹ̀yìn. Ó dùn ún wọra, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó kàn ti fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ jù ú lọ ni.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Fàhàd, ìwọ gbé e."

Láti ọjọ́ náà, irú fífọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fàhàd jẹ́ kí odò gbé ìdajì irú lọ, ó sáré tẹ̀ lé e, ó ṣubú yakata. Nàíìmà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó pẹ́ tí Bíllíkísù ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Nígbà tó wọn hóró Nàíìmà fún un, ó káwọ́ lérí itan, kò fi ọwọ́ kàn án. Ẹnu nìkan ló fi kọ́ ọ ní bíbò: bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé láti mọ̀ bóyá ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Martha dé lópin oṣù. Ó ṣí ìkòkò náà, òórùn irú gba ilé kan. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dára. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ sílé. Bíllíkísù tẹjú mọ́lẹ̀.

"Màámi, ẹ máa gbé ìkòkò yín lọ," Nàíìmà ní. "A ní ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀."

Nígbà tí Martha lọ tán, Fàhàd dìde, ó kó abọ́. Bíllíkísù wá ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí ọmọ náà rí.

"Nàíìmà, jọ̀wọ́, ṣé wàá bá wa lọ sódò ní Sátidé?"

Nàíìmà fa àpò ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó ní òun máa wá, bí òun bá ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá òun.